Ẹ Má Tíì Tẹ 'Format' O! Ẹrù Kò Sọnù, Ìwé Ẹrù Ló Dàrú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé òun kò rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sínú òun mọ́, iṣẹ́ náà ti ṣègbé nìyẹn. Wọn a káwọ́ lérí, wọn a ní ayé ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù wà níbi tó wà. Ìwé tó ń júwe ibi tí wọ́n kó ẹrù sí ló dàrú. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Ìkòyí-Ilé ló ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, tí ó jẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ oníṣu àti alágbàdo ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti káṣú. Oṣooṣù ni wọ́n ń dáwó. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó, iye tó ti dá jọ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ọmọ bàbá yìí kan ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ fún un kó má baà máa fi bírò kọ ìṣirò mọ́. Kọ̀ǹpútà náà dára, àfi pé bátìrì rẹ̀ ti kú. Iná ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Ta ni kò sì mọ̀ pé iná ń lọ? Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 ó di PHCN. Ní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ yí padà títí, ṣùgbọ́n di òní, bí iná bá dé, 'Up NEPA!' náà ni àwọn ọmọdé ń pariwo, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó lè tún lọ kí wọ́n tó pa ẹnu dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ sínú fláàṣì nígbà tí iná lọ lójijì. Nígbà tí iná dé, ó ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan sì yọ lójú rẹ̀ pé àfi kí wọ́n 'format' díìsìkì yìí kí wọ́n tó lè lò ó. Ọmọ ará ilé kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, á ṣí." Bàbá kò tẹ̀ ẹ́. Ó yọ fláàṣì, ó dì í sínú áńkáṣíìfù, ó ní ilẹ̀ á mọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ọjà. Àwọn kan ní iná kọ́ ló jẹ owó ẹgbẹ́, akọ̀wé ni. Ẹ wo ewu tó wà nínú ohun tí kò tó ìka ọwọ́! Ọgbọ̀n ọdún tí bàbá fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ wá so kọ́ orí fláàṣì kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Fláàṣì tàbí díìsìkì dà bí agbo ilé ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá kéékèèké, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Fáìlì kan ṣoṣo lè gba ogún yàrá, wọn kò sì ní láti tẹ̀lé ara wọn. Ìdajì lè wà lọ́wọ́ iwájú, kí ìdajì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìwé kan ló wà níbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ pé fáìlì báyìí bẹ̀rẹ̀ ní yàrá karùn-ún, ó kọjá sí ìkẹtàdínlógún, ó parí sí ọgọ́rùn-ún.

Bí wọ́n bá ń tọ́jú iṣẹ́, kọ̀ǹpútà kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò gbé ẹrù wọ yàrá, yóò kọ nọ́ńbà yàrá sínú ìwé, yóò sì kọ orúkọ fáìlì àti bó ti tóbi tó. Bí iná bá lọ láàárín, ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní kò mọ́. Yàrá kan lè kún, kí ìwé ní òun kò mọ ẹni tó ni ín. Fáìlì méjì lè máa du yàrá kan. Orúkọ fáìlì lè wà, kí ó má sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá já fláàṣì gbà kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣì ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ṣe àwọn irinṣẹ́ ayẹ̀wò. Èyí tó ń jẹ́ chkdsk ti wà láti ìgbà MS-DOS àkọ́kọ́ ní 1981, ó sì wà nínú Windows títí di òní. Àwọn oní-Linux ní fsck. Àwọn oní-Mac ń lo First Aid. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọn a mú ìwé, wọn a tò ó yàrá sí yàrá, wọn a wo ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti bá ara mu. Bí ẹ bá pe chkdsk lásán pẹ̀lú lẹ́tà díìsìkì, yóò kàn wò ó ni, kò ní tún un ṣe. Bí ẹ bá fi /f sí i, yóò tún ìwé ṣe. Bí ẹ bá fi /r sí i, yóò tún ka gbogbo yàrá pátá láti mọ èyí tí ara rẹ̀ ti jẹrà. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lágbede méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Irinṣẹ́ yìí dà bí ẹni tí wọ́n ní kó parí ìjà ilẹ̀. Kí ìjà ṣáà parí ni tirẹ̀. Bó bá rí yàrá tí kò ní olóhun, ó lè kó ohun inú rẹ̀ sínú àpò kan tó ń pè ní FOUND.000, kó sọ ọ́ ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí fáìlì méjì bá ń du yàrá kan, ọ̀kan lè bàjẹ́ pátápátá. Ìwé á tọ́, ẹrù lè má pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo díìsìkì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Orí ẹ̀dà ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe.

Format ńkọ́? Format kì í ṣe àtúnṣe rárá. Ìwé tuntun tó ṣófo ló ń ṣí sórí ìwé àtijọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dà bí ẹni tí ìwé ilé rẹ̀ ya díẹ̀, tó bá kúkú jó o níná.

Ọjọ́ kejì, bàbá wọ mọ́tò, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ní Under-G, nítòsí Yunifásítì Ladoke Akintola, níbi tí àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ sí.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé ẹ ò tẹ Format?"

"N ò tẹ nǹkan kan, ọmọ mi. Ohun tí n ò bá mọ̀, n kì í fọwọ́ kàn án."

"Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn."

Ọmọ náà ṣe ẹ̀dà fláàṣì ná. Ó rí i pé ewé àkọ́kọ́ ìwé náà ló bàjẹ́. Fláàṣì tí wọ́n bá fi FAT32 tò máa ń pa ẹ̀dà ewé yìí mọ́ síbòmíràn, nítorí náà ó dá a padà láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pe chkdsk. Fáìlì tí bàbá ń tọ́jú lọ́wọ́ kò pé mọ́. Ọmọ náà bá wá ẹ̀dà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ti pa rẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ ṣì máa ń wà nínú yàrá rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi wọ ibẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá fáìlì mọ̀ nígbà tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́? Ó yẹ kí èyí yé ọmọ Ìkòyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú Ìkòyí ká, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n sí ìlú oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ọmọ Ẹ̀ṣọ́ bá wà, bí wọ́n bá ti ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, wọn á mọ ibi tó ti wá. Fáìlì náà ní oríkì tirẹ̀ lórí. PDF, %PDF ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé Excel òde òní, PK ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oríkì yìí ni irinṣẹ́ ń tọ̀ láti yàrá dé yàrá.

Àkọsílẹ̀ padà bọ̀, ó ku ti oṣù méjì tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé, bàbá ní kí oníkálukú mú káàdì rẹ̀ wá. Wọ́n kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku ìyá aláta kan tí èkúté ti jẹ káàdì rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní iye tó ń pè ti pọ̀ jù. Bàbá kò bá wọn jiyàn. Ó gbé téle báńkì oṣù méjèèjì jáde, wọ́n ro ti gbogbo ènìyàn pọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ohun tó wọ báńkì. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ iye tí ìyá náà sọ gẹ́lẹ́, kọ́bọ̀ kan kò lé. Ìyá náà fi ìdí ìborùn nu ojú, ilé sì pa rọ́rọ́.

Ohun tí chkdsk ń ṣe náà nìyẹn o: ó ń fi ẹ̀rí kan wo ẹ̀rí kejì. Ibi tí ẹ̀rí bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí irinṣẹ́ ayé yìí tó lè mọ òtítọ́.

Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti gbọ́n sí i. NTFS ti Windows láti 1993, àti ext3 ti Linux láti 2001, máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n bá a dé bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò sí nínú FAT32 àti exFAT tó wọ́pọ̀ lórí fláàṣì. Pàápàá níbi tó bá wà, ìwé ló ń dáàbò bò jù. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú, ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ tí máàkì ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìjọ, ẹ tẹ Eject kí ẹ tó yọ fláàṣì. Ẹ wá bátìrì sínú kọ̀ǹpútà yín. Bí díìsìkì bá ń dún kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ má ṣe chkdsk sí i, ẹ kó ẹrù kúrò níbẹ̀ ná. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ẹ má sì ju káàdì onípépà nù nítorí pé ọ̀làjú dé. Owó olówó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré, orúkọ rere ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ṣòro tún ṣe ju fláàṣì lọ.