Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ní Warri, ìlú olómi ní Ìpínlẹ̀ Delta, òjò àti ẹ̀fọn kì í jìnnà síra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan lè jí ní òwúrọ̀ kí ara rẹ̀ máa gbóná, kí orí sì máa fọ́ ọ. Ó rántí bí èrò ti ń tò ní ilé ìwòsàn; ó wo àpò rẹ̀, owó kò pọ̀ níbẹ̀. Ó sì mọ orúkọ oògùn. Kíá, ó ti dé ìsọ̀ oníkẹ́míìsì. Ó ra oògùn ibà, ó fi ampicillin kún un. Ní ọjọ́ kejì, ara fúyẹ́ díẹ̀. Ó tọ́jú kápúsù tí ó kù. Nígbà tí ikọ́ ń yọ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu, òun ni ó fún un. Onítọ̀hún ní, "Ẹ ṣé o, dókítà."

Inú oyè ọ̀fẹ́ yìí ni ewu wà. Ẹni tí ó mọ orúkọ oògùn lè má mọ àrùn tí ń ṣe é, nítorí kì í ṣe ibà nìkan ní ń mú ara gbóná. Táífọ́ọ̀dù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2010 pé kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ṣáájú oògùn ibà.

Ní ọdún 1945, Alexander Fleming tí ó ṣàwárí penicillin kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lò ó ní ìwọ̀n tí kò tó yóò kàn sọ kòkòrò àrùn di alágbára ni. Chloroquine pàápàá, tí ó máa ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn lára nígbà kan, kò ká kòkòrò ibà mọ́, tí Nàìjíríà fi fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó lè dáhùn ìbéèrè lé e lórí nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí nọ́ọ̀sì ọ̀la tò pẹ̀lú àwọn aláìsàn lónìí. Ẹni tí ó ti dúró níbẹ̀ rí ni yóò lè sọ fún ẹlòmíràn pé, "Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò," tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì wọ̀ ọ́ létí.