ÌGÁNMÚ: ILÉ ERÉ TÓ DÉ FÌLÀ ṢỌ́JÀ

Ojú tó bá ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ ilé eré ńlá tó wà ní Ìgánmú ní ìlú Èkó, tó sì gbé ojú sókè wò ó, kò sí gbọ̀ngàn ìlú kan tí yóò tún dẹ́rù bà á. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò ló ti gba orí afárá kọjá lọ ra ọjà, tí ẹ kàn rí i lókèèrè bí fìlà ṣọ́jà tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ sórí koríko. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ló sì ti fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ bí ilé náà ṣe dé ibẹ̀, tàbí tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ inú rẹ̀ rí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ọ.

BÍ A ṢE Ń DÉ IBẸ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù lónìí ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 ni láti Mile 2 dé Marina, ibùdó márùn-ún ló sì ní, èyí tí ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́bàá ilé eré yìí gan-an. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀. Káàdì ni a ń rà, tí a ó sì rọ owó sí i. Mo wọ̀ ọ́ ní Mile 2 ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ẹni tó bá mọ ìyà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fi ń jẹ èrò ní Orílé yóò mọ̀ pé ìgbádùn ni kí a jókòó nínú atẹ́gùn tútù, kí a máa wo àwọn dáńfó tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín.

Kí ọkọ̀ tó dúró ni mo ti rí ilé náà. Ó rí roboto, òrùlé rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ sókè, ó yọ síta yí ara rẹ̀ ká bí etí fìlà. Ó ga ju mítà 30 lọ. Ilẹ̀ tó yí i ká gbòòrò, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ojú lè rí i láti ọ̀nà jíjìn nínú ìlú tí ilé ti ń fún ilé mọ́ra.

KÍ ILÉ NÁÀ TÓ DÉ

Kí a má ṣe rò pé ìgbà tí wọ́n kọ́ Ìgánmú ni eré bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Gbọ̀ngàn Glover tó wà ní Erékùṣù ni àwọn baba wa mọ̀ fún orin, ìpàdé àti eré orí ìtàgé. Níbẹ̀ ni Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Òsòsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló fi ṣe é. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì gbé e sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri pọ̀ bí eṣú: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀ tó gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti àwọn mìíràn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ilé ìwé, gbọ̀ngàn ìlú àti àgbàlá ilé ọtí ni ìtàgé wọn. Bí òjò bá rọ̀, eré bà jẹ́ nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé eré ńlá fi wọ àwọn òṣèré lára. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju òrùlé lọ.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ Ọ

Ní ọdún 1966 ni orílẹ̀-èdè Senegal pe àwọn ènìyàn dúdú káàkiri ayé sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Dakar. Nàìjíríà ni wọ́n ní yóò gba àlejò ṣìkejì. Ogun abẹ́lé dé, wọ́n sún un. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún sún un. Ní 1973, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé tí wọ́n máa fi gba àwọn àlejò náà. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Bulgaria ni wọ́n gbé e fún.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé nítorí pé ṣọ́jà ló wà lórí oyè ni wọ́n ṣe fi fìlà ṣọ́jà ṣe àwòṣe ilé náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bulgaria ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ìlú Varna, lẹ́bàá Òkun Dúdú, ní 1968, fún àṣà àti eré ìdárayá. Òun ni wọ́n wò ṣe ti Ìgánmú, àmọ́ tiwa tóbi ju tiwọn lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 30 oṣù kẹsàn-án 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wà lórí ìjọba. Gbọ̀ngàn ńlá àárín rẹ̀ gba 5,000 ènìyàn ní ìjókòó. Gbọ̀ngàn àpérò àti àsè wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn sinimá méjì wà níbẹ̀, ààyè ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà náà sì wà.

FESTAC 1977

Láti 15 oṣù kìíní dé 12 oṣù kejì 1977 ni àjọ̀dún náà wáyé. Ó ju 15,000 ènìyàn tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, Amẹ́ríkà, Brazil, Kúbà àti àwọn erékùṣù òkun. Fún wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú tí a ń pè ní Festac Town títí di òní. Stevie Wonder wá, Miriam Makeba wá. Gilberto Gil wá láti Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn òrìṣà wa láìgbàgbé. Nígbà tó padà délé, ó ṣe àwo orin Refavela nínú ọdún yẹn kan náà.

Àmì àjọ̀dún náà ni orí Ìyá Ọba Idia ti Benin, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ nígbà ogun 1897. Ìjọba wa bẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum pé kí wọ́n yá wa lò, wọ́n kọ̀. Àwọn agbẹ́gilére Benin sì gbẹ́ òmíràn.

Eré tí Nàìjíríà gbé síwájú ayé ni Láńgbòdó, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí kọ, tí Dàpọ̀ Adélugbà sì darí. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò ti mọ ibi tó ti wá: inú Ògbójú Ọdẹ ti D. O. Fágúnwà ni, ìwé tó jáde ní 1938. Fágúnwà ti kú láti 1963, kò rí ọjọ́ náà. Ìwé ilé ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà lábẹ́ igi máńgòrò ló di ohun tí a fi yangàn níwájú gbogbo ènìyàn dúdú ayé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Àwọn kan ní ìnákúnàá owó epo ni. Fẹlá yọ ara rẹ̀ kúrò, ó sì ń kọrin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

IGBÀ DÍDÙN ÀTI IGBÀ KÍKAN

Lẹ́yìn àjọ̀dún, ilé náà di ti àwọn ará ìlú. Sinimá Yorùbá ti dé: Àjàní Ògùn ní 1976, Ayé ti Ògúnǹdé ní 1979, Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá ní 1982. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Bí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá dé, a ó wọ aṣọ tuntun, a ó sì gba Ìgánmú lọ. Èrò máa ń yí ilé náà ká. Àwọn ìyá a gbé ìrẹsì dání nínú kúlà, wọ́n á sì máa bá àwọn tó wà nínú sinimá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́: “Má wọ inú igbó yẹn o!” Nígbà tí ìjọba sì fẹ́ dá Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀, Ògúnǹdé ni wọ́n ké sí, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí di ìgbà tó kú ní 1990.

Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ tí a kò tọ́jú, alángbá ni í jogún rẹ̀. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù kú. Omi ń dá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ agbègbè náà. Wọ́n ti gbọ̀ngàn ńlá pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba gbèrò láti tà á. Àwọn òṣèré àti àwọn òǹkọ̀wé fárígá, wọ́n ní a kì í ta ojúbọ ìdílé. Àwọn òṣèré tí kò rí inú ilé lò jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Abẹ́ Igi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánrawò. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n fi katakata wó abúlé àwọn òṣèré tó wà lórí ilẹ̀ náà.

Ní 2021 ni ìjọba àpapọ̀ fa ilé náà lé Báńkì Àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn báńkì lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Owó tí wọ́n kéde pé ó wọlé sí i jẹ́ bílíọ̀nù 68 náírà. Ní oṣù keje 2024, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, wọ́n kéde pé orúkọ rẹ̀ ni ilé náà yóò máa jẹ́, wọ́n sì tún un ṣí ní 1 oṣù kẹwàá 2025. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lọ́nà kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyèsí: Ṣóyínká yìí kan náà ló túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

OHUN TÍ BÀBÁ ÒṢÈRÉ SỌ

Ní ọjọ́ tí mo lọ, bàbá kan jókòó síbi òjìji, ó fi ọ̀pá ti eékún. Mo kí i, ó sì dáhùn.

“Ìwọ náà wá wo ilé wa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó mà dára o.”

“Ó dára. Ṣé o mọ̀ pé mo ti ṣeré nínú rẹ̀?”

Ó sọ fún mi pé ọmọ ẹgbẹ́ alárìnkiri ni òun, pé inú lọ́rì ni ilé àwọn, pé lórí àga ọmọ ilé ìwé ni àwọn máa ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí olùkọ́ àgbà bá ṣàánú àwọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eré wá sí Ìgánmú, aṣọ ìtàgé méjì tí wọ́n fi ń ya igbó àti ààfin ni wọ́n gbé kọ́. Ìtàgé náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣọ náà fi dà bí áńkáṣíìfù tí a sá sí gbàgede. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ rí sí títún tí wọ́n tún un ṣe?”

“Ọmọ mi, ilé kì í ṣeré. Ènìyàn ní í ṣeré. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti Ẹdẹ tàbí Ìkàrẹ́ wá, tí owó tí wọ́n máa fi gba ìtàgé fún alẹ́ kan bá ju ohun tí wọ́n ní láyé wọn lọ, ta ni a tún ilé ṣe fún? Bí ìyá oníṣu kò bá sì lè san owó ìwọlé, ta ni yóò máa kígbe pé má wọ inú igbó?”

Ǹ kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo wọlé, tí mo rí àga tuntun tó tò lọ rẹrẹ, tí atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lára, ìbéèrè rẹ̀ ni mo ń rò. Ní tèmi, ẹ̀tọ́ ni kí ilé tí owó púpọ̀ wọlé sí máa pa owó wọlé, nítorí pé ọ̀fẹ́ tí kò ní olùtọ́jú ló bà á jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn alábòójútó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún eré ní èdè wa, ní owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn olówó nìkan ni yóò jogún ohun tí gbogbo wa jọ kọ́.

ÌMỌ̀RÀN

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ kọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí ààyè wà. Ìṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í jẹ́ kí èrò kàn ya wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ka Fágúnwà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá wá ra ọjà l’Ékòó, ẹ fi wákàtí méjì kún un. Ẹ béèrè eré tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè eré Yorùbá ní pàtàkì. Ọjà tí ẹnì kan kò bá béèrè, olówó rẹ̀ kì í gbé e wá sórí àtẹ. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.