Bí Mo Ṣe Kọ́ Pínpín Lọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà

Irinṣẹ́ mi kò ju mẹ́ta lọ: pẹ́ńsù, réésà àti ìwé alápòótí kéékèèké. Ọ̀gá mi, Bàbá Tíṣà, ti fi ìṣirò jẹun nílé kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Bowie, ní Maryland, Amẹ́ríkà. Láràárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti parí iṣẹ́ alẹ́ ní Largo, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbà lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kọ 2 dé 1,000, kí n fagi lé gbogbo ohun tí 2 lè pín, àyàfi 2 fúnra rẹ̀, kí n fi 3, 5 àti 7 ṣe bẹ́ẹ̀, títí dé 31. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni màá máa fi pín nọ́ńbà ńlá. Mo gbàgbé 91. Bàbá fa ìwé náà ya.

"7 lọ́nà 13 ńkọ́? Tún un kọ."

Nígbà tí ọwọ́ mi mọ́ díẹ̀, wọ́n gbé iye èèyàn Prince George's County, tí Bowie àti Largo wà nínú rẹ̀, fún mi. Ti ìkànìyàn 2010 jẹ́ 863,420. Òdo ìdí rẹ̀ ló tú u fó: 20 jáde, 23 tẹ̀lé e, ó ku 1,877 tí kò gbà mọ́. Mo ń yọ̀. Bàbá kọ ti 2020 síwájú mi: 967,201.

"Bí nọ́ńbà méjì bá bí i, èyí tó kéré ò lè ju 983 lọ. Pín in débẹ̀."

Ìpín 166 nìyẹn. Méjìlá-méjìlá ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀. 13 pín in, ó ṣẹ́ ku 1. 31 náà, ó ṣẹ́ ku 1. Nígbà tí mo dé 281, mo pariwo pé ọwọ́ mi ti bà á. Bàbá ní kí n fi ìlọ́po yẹ ara mi wò: 281 lọ́nà 3,442 jẹ́ 967,202. Ẹyọ kan ló fi lé! Mo pa á rẹ́ títí ìwé fi lu. Lọ́sẹ̀ kẹrìnlá, 983 ṣẹ́ ku 912. Kò sóhun tó lè pín in.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Bàbá ní, "Fi 4 pín in, ó ṣẹ́ ku 1. Irú rẹ̀ tí kò ṣeé pín, a máa ṣeé kó jọ. Wá nọ́ńbà méjì, ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, kí àpapọ̀ wọn jẹ́ èyí."

Ó tún gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó bá 780 àti 599 pàdé. Ìlọ́po wọn ń dà rú mọ́ mi lọ́wọ́.

"Pè é ní Yorùbá," ni Bàbá wí.

"Ẹgbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan."

Mo dákẹ́. 600 lọ́nà 600 jẹ́ 360,000; yọ 600 lẹ́ẹ̀mejì, fi 1 kún un: 358,801. 780 ńkọ́? Ẹgbẹ̀rin ó dín ogún: 640,000, yọ 16,000 lẹ́ẹ̀mejì, fi 400 kún un: 608,400. Mo pa méjèèjì pọ̀: 967,201. Láti kékeré ni mo ti ń pe ìṣirò yẹn lẹ́nu, n ò sì gbọ́ ohun tí mò ń wí.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ máa ń ṣe fríídọ̀mù, wọ́n á pa adìẹ. Ní tèmi, Bàbá yẹ ìṣirò náà wò láti ìsàlẹ̀ dókè, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n wá ti pẹ́ńsù tiwọn sọ́dọ̀ mi. Ó ti kúrú bí ìka ọmọdé. Òun ni mo fi kọ èyí.