Ibo Ni Odò Ń Lọ?

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kò sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi í pé kí ni orísun, kẹ́kẹ́ a pa. Òwe ni wọ́n kọ́ ọ. Wọn kò mú un dé etí omi.

Bákan náà ni ẹ̀kọ́ Odò Ọya rí. Ọmọ ọdún méje a máa kà á bí ẹni ń kọrin: Gínì, Málì, Niger, Benin, Nàìjíríà, kìlómítà 4,180. Kí ni 4,180 jẹ́ fún ẹni tí kò tíì dé Abẹ́òkúta rí?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Odò Yewa ni ó yẹ kí ọmọ Yewa kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1995 ni àwọn Ẹ̀gbádò gba orúkọ odò náà. Orúkọ odò ni ọmọ yìí ń jẹ́ láìmọ̀. Kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀, kí ó ju ewé kan sómi, kí ó sì béèrè ibi tí ewé náà ń lọ. Gúúsù ni, sí ọ̀sà Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ sí ọ̀sà Èkó, títí dé òkun. Níbo ni omi ti ń bọ̀? Láti inú òjò àti àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wá bá a, ní ilẹ̀ Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ tí ó ti rí bí ọkọ̀ ti ń dúró fún àwọn aṣọ́bodè ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yóò rẹ́rìn-ín: omi kò mú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́!

Ìgbà náà ni ìtàn Ọya tó dùn. Lórí òkè Gínì ni orísun rẹ̀ wà, nǹkan bí kìlómítà 240 péré sí òkun. Síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó dorí kọ aṣálẹ̀, ó dé ẹ̀bá Timbuktu kí ó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù, tí òun àti Bẹ́núé fi pàdé ní Lọ́kọ́ja. Èéṣe? Omi kì í gun òkè. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ni ó ń tọ̀.

Ó pẹ́ tí ẹnu odò yìí fi rú àwọn òyìnbó lójú. Mungo Park kú sómi ní Bussa ní 1806 láìtíì dé ibẹ̀. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba Ìjànná, lẹ́bàá Ìlaròó, kọjá, wọ́n dé Bussa, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé odò náà dé òkun. (Àwọn ará etí odò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.) Ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ Yewa lọ wá Ọya, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlaròó kò sì gbọ́ ọ rí.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọmọ tí ó ju ewé sómi yóò béèrè bóyá ewé òun ti dé Àgbádárìgì. Kí olùkọ́ tẹ́ máàpù sílẹ̀, kí ó wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sì jọ fi wọn ọ̀nà náà, kọ́nà kọ́nà.