Ẹ má tẹ̀lé fídíò kọ́bọ́ọ̀dù tí mo gbé síta yẹn mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fi fídíò yẹn pamọ́, èyí tí mo ti ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ sí ògiri kíṣìnnì màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti já.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló já, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Mo rò pé olè ni. Ìgbà tá a débẹ̀, ó ti dojú dé sórí síǹkì, àwo tańganran tí Mọ́mì ti ń tọ́jú láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ti di àfọ́kù. Ibi tí wọ́n máa ń dúró sí fọ abọ́ gan-an ló já sí. Wọn ò bá mi wí o. Wọ́n kàn ń ṣa àfọ́kù. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pa fídíò náà rẹ́ kí n dákẹ́. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe wọ DM mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: òun ti ra fíṣà àti síkírúù, Sátidé lòun máa ṣe tòun, ọmọ òun ọlọ́dún méjì ló ń bá òun di tépù mú. Ojú tì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 ni wọ́n fi kọ́ ilé wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn. Ihò ńlá méjì ló wà nínú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Tí dírìlì bá ti lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já, inú òfìfo ló bọ́ sí yẹn, fíṣà ò sì ní rí nǹkan gidi dì mú. Ká má parọ́, mo rí i. Síkírúù méjì kàn ń yí lọ́wọ́ mi ni, wọn ò le. Mo gé ibẹ̀ kúrò nínú fídíò. Ẹ má bínú.

Bàbá bíríkìlà àdúgbò wa wá wò ó. Wọ́n fi ìka kan ògiri kó, kó, kó. "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ? Ó ń dún bí ìlù." Wọ́n ní a lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù sókè kí síkírúù òkè wọnú líńtẹ̀lì, torí kọnkéré gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ò ga. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù tọ́wọ́ wọn ò tó ṣe?

Ọ̀nà kejì la gbà. Ibi tí síkírúù kọ̀ọ̀kan máa wọ̀, wọ́n fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ihò tó tó ìkúùkù. Wọ́n fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dí ìsàlẹ̀ ihò búlọ́ọ̀kù náà, kí ohun tá a fẹ́ rọ má baà já lọ sísàlẹ̀. Wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kì í pinpin. Ó di lẹ́yìn ọjọ́ méje ká tó fi dírìlì kàn án. A tún máa kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ògiri tí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù á jókòó lé. Mo gbọ́dọ̀ fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ pákó yẹn kí àwo kankan tó padà síbẹ̀. Àṣẹ Bàbá nìyẹn.

Àṣìṣe mi mìíràn: láti ilẹ̀ ni mo ti wọn gíga. Ilẹ̀ kíṣìnnì wa dà sí ọ̀nà ibi tómi ń gbà jáde, ìlà mi náà sì dà. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí ni kẹ́ ẹ lò; ibi tómi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì, ọgbọọgba ni. Ẹ má sì lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì o, wáyà sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀kùn tí ò bára mu ò le rárá. Síkírúù ara hínjì lẹ máa yí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ògiri bá wú, ẹ ki pákó pẹlẹbẹ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó dè é le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á lọ́.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Abẹ́ tábìlì làwọn abọ́ tó kù wà. Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọbìnrin DM yẹn, mo ní kó lọ kan ògiri rẹ̀ wò. Alẹ́ àná ló fèsì: "Àǹtí, tèmi náà ń dún bí ìlù."