Kò Tíì Kan

Bí ẹ bá bá mi nídìí àwo ẹ̀bà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ó rí i pé mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó bu òkèlè. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe ẹ̀rín. Wọn ò mọ ohun tí ojú mi rí ní Èkó-Èndè, lẹ́bàá Ìkìrun, ní 1974.

Ìsinmi ni mo lọ lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Inú ẹ̀gẹ́ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi wà. Lọ́jọ́ Sátidé, a hú u, a bẹ ẹ́, a rin ín lórí agolo tí wọ́n fi ìṣó lu, a dà á sápò, a gbé òkúta lé e. Ọjọ́ Mọ́ńdè sì ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé! Ni mo bá ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká yan án lọ́la, kí ẹ tètè rí nǹkan tà."

Wọ́n ní, "Ọkọ mi, kò tíì kan."

Mo ní ṣé ikan rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà lọ́jà Ìkìrun ni? Wọn ò dá mi lóhùn.

Ibi tí mo ti ń ráhùn lọ́wọ́ ni ewúrẹ́ wọn ti já okùn, ó sì ki ẹnu bọ òkìtì èèpo. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni o. Kò pẹ́ rárá tí ẹran náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú. Àbúrò ìyá mi sáré mú ọ̀bẹ, ó dú u. Ẹ̀jẹ̀ tó tú jáde pupa fòò, ó pupa ju ti ẹran tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ohun tó dà mí láàmú ni pé ẹran yìí ń wá èémí, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kún gbogbo àgbàlá. Ó tó ọdún bíi mélòó kan kí n tó rí ìdáhùn, nígbà tí mo ń kọ́ nípa kẹ́mísírì ara.

Nǹkan kan ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní linamarin. Ẹ́ńsáìmù tó lè tú u wà nítòsí rẹ̀, ògiri ló là wọ́n. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tí eyín ewúrẹ́ bá rún un, ògiri wó, àwọn méjèèjì pàdé, sáyánáìdì sì jáde. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan nínú àpò ni ìtúká yìí ń rí àyè lọ. Omi tó ń ro lábẹ́ òkúta a gbé díẹ̀ nínú oró náà lọ, iná abẹ́ agbada a sì lé púpọ̀ nínú ìyókù, nítorí sáyánáìdì ò nílò ju ooru ìwọ̀n 26 lọ kó tó hó di oru.

Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara. Púpọ̀ nínú wọn dà bí àgbẹ̀, bí ọkọ́ ò bá sí lọ́wọ́ wọn, ìmúra lásán ni. Irin, bàbà, síǹkì, tíntìntín báyìí, ni ọkọ́ wọn. Èyí tó ń lo ọ́síjìn tí a mí sínú, irin àti bàbà ló fi ń ṣiṣẹ́. Otto Warburg, ará Jámánì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931, ló tọ ipa irin náà. Irin yìí gan-an ni sáyánáìdì ń dì mú gbọin-gbọin. Ẹ̀jẹ̀ a gbé ọ́síjìn dé ẹnu-ọ̀nà, kò ní sí ẹni tí yóò gbà á, a tún gbé e padà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ náà fi pupa tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó pé Ògún ni wọ́n dè lókùn nínú ara ẹran lọ́jọ́ náà (ẹ má bá mi sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n o).

Kóbáltì, ìbátan irin, ló sì tún ń gbani. Bí sáyánáìdì bá mú ènìyàn, dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ hydroxocobalamin. Kóbáltì tó wà láàárín oògùn náà a gbá sáyánáìdì mú, wọ́n a di fítámì B12, wọ́n a sì bá ìtọ̀ jáde. Ara fúnra rẹ̀ náà ní ọgbọ́n: a máa fi imí-ọjọ́ tó ń rí nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà rọ oró náà. Ẹni tó ń jẹ gàrí láàárọ̀ lálẹ́ tí kò rí ẹja fi sí i ni mo ń káàánú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣúntókun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ ń kú, ìrìn ò gún mọ́, ojú àwọn mìíràn ń ṣókùnkùn, etí ń di. Ó gbé e jáde ní 1968, sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló sì fura sí. Àwọn kan ti bá a jiyàn lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi ò sí nínú ìjà àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí mo bá rí gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́ nítorí pé ọjà ń pè wọ́n, inú mi kì í dùn.

Ní ti ẹ̀gẹ́ tiwa, ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ìyá àgbà tó tú àpò. Wọ́n bù ú sọ́wọ́, wọ́n gbé e símú, wọ́n ní, "Ó kan wàyí." Ọjọ́ Fúráìdeè ni mo tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Tíṣà ti ń retí mi, tòun ti pàṣán.