Gíráàmù Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, tó fi wá jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ? Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bọ̀dá mi n'Íbàdàn ni mo ti lo tèmi. Wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 kan tò fún oníbàárà tó fẹ́ kó máa sáré bíi tàwọn eléré ìje. Èmi rò pé kí wọ́n ṣáà kó irin tuntun sí i ni. Àṣé n ò mọ nǹkan kan.

Bọ̀dá yá òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Wọ́n gbé písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá mú èyí tó fúyẹ́ jù. "Eléyìí lọ̀gá. Òun làwọn yòókù máa bá dọ́gba." Ọ̀kan fi gíráàmù mẹ́ta wúwo jù ú lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Àkànní, tí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà mélòó ni písítìn máa lọ táá bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan?"

Mo ṣì ń ṣírò, wọ́n ti dáhùn: "Ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìgbà yẹn ni gíráàmù mẹ́ta ń jà nínú rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, á jẹ bẹ́árìn."

Wọ́n ń fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láti inú, níbi tó nípọn. Wọ́n rẹ́, wọ́n wọ̀n, wọ́n tún rẹ́. Ti kọ́nírọ́ọ̀dù, wọ́n wọn orí lọ́tọ̀, wọ́n wọn ìdí lọ́tọ̀, torí méjì lè wúwo bákan náà, kí ọ̀kan di ẹrù tiẹ̀ sídìí. Kíráǹkì ní tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní maṣíìnì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí. Bọ̀dá mọ̀wé jù mí lọ. SS2 ni wọ́n wà tí bàbá wa kú, wọ́n sì fiwé sílẹ̀ kí owó lè tó fún tèmi. Èyí tó wúwo ni wọ́n rẹ́, kí èyí tó fúyẹ́ lè sáré. Èmi wá ń sọ fún yín ní kíláàsì pé oníṣòwò ni bọ̀dá mi, torí ojú ọ̀rá dúdú tó wà léèékánná wọn ń tì mí.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì jí, Bọ̀dá gbé ife omi lé e lórí. Omi mì díẹ̀, kò dà. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa irọ́ yẹn rẹ́. Mẹkáníìkì ni bọ̀dá mi.